Ìwé Tí A Fi Sínú Àpò Kòkó

Kòkó tó bá gbẹ dáadáa máa ń dún. Bàbá àgbà mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Yóò lóṣòó sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí a sá a sí, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò gbé e sẹ́bàá etí, yóò di ojú, yóò sì rọra fún un. Bí ó bá dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, ó tó kó sápò. Bí kò bá dún, yóò dà á sílẹ̀ jẹ́jẹ́, yóò ní, "Kò tíì ní ọ̀rọ̀ sọ," a ó sì tún máa fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ lọ títí di ọjọ́ kejì. Ọdún kan péré ni mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Iléṣà, mo sì ti gbé ibi púpọ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ìró kòkó gbígbẹ yìí ló máa ń wà létí mi bí mo bá jí. Ó pẹ́ tí mo ti ń sá fún kíkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nísinsìnyí tí fọ́ọ̀mù kan wà níwájú mi tí n kò tíì lè fi ránṣẹ́, mo rí i pé ibẹ̀ ni mo ní láti kọ́kọ́ padà sí.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Tíṣà ni bàbá mi, yàrá méjì la sì ń gbé ní Òkè Fìà l'Óṣogbo, níbi tí ariwo àwọn akérò kì í ti í sinmi. Nígbà tí màmá mi bí ìbejì, ilé kò gbà wá mọ́, wọ́n sì ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Bàbá títí àwọn ọmọ náà yóò fi máa rìn. Ariwo ilé Bàbá yàtọ̀. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ló ń kọ́kọ́ jí wa, lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ ìyá àgbà mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, lẹ́yìn náà ni máṣíìnì Ìyá Mojí, opó aránṣọ tó háyà yàrá iwájú. Máṣíìnì náà á sáré, á dúró, á tún sáré, bí ẹni tó ń gun òkè. Lọ́jọ́ Àìkú, odó ló máa ń borí gbogbo wọn: iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí Yèyé fi ìṣápá sè, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀. Yèyé kì í yé fi ẹnu mi ṣẹ̀fẹ̀. Bí mo bá ti ní mo ń lọ sílé, á pàtẹ́wọ́: "Ẹ gbọ́ ọmọ Òṣogbo! Ilé ló pè é. Ulé ni, ọkọ mi, ulé! Ẹni tí kò lè pe ulé, báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n dé?"

Oko Bàbá wà ní abúlé kan lọ́nà Òṣú, ṣùgbọ́n àgbàlá ẹ̀yìnkùlé ní Iléṣà ni kòkó rẹ̀ ti ń gbẹ. Lẹ́yìn tó bá ti lo ọjọ́ mẹ́fà nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko ni wọ́n á gbé e dé, gbogbo ilé á sì máa rùn bí ọtí kíkan. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ ní ìlà-ìlà kí oòrùn lè kàn án nísàlẹ̀ àti lókè, kí n sì máa ṣa èyí tó pẹlẹbẹ tàbí èyí tó bu kúrò. Bàbá kì í fi iṣẹ́ yìí ṣeré. "Wọ́n ń wa wúrà n'Ítagunmódì," ó máa ń wí, "èmi, orúkọ ni mo ń wà." Bí àgbẹ̀ bá kó kòkó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rà á, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Gírédà ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá fura sí àpò kan, á ní kí wọ́n dà á sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, nítorí àwọn kan wà tó ń fi òkúta àti ìdọ̀tí sáàárín kòkó kó lè wúwo. Wọn kò da àpò Bàbá sílẹ̀ rí. Wọ́n á kàn fi irin gún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì ní ó dìgbà. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ àti ọmọ tí wọ́n rán nílé ìwé, ohun tí Bàbá ń sọ nìyẹn.

Mojísọ́lá, ọmọ aránṣọ náà, fi ọdún kan jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Ó ní agolo mílíìkì kan tó ń kó etí aṣọ sí. Nígbà tí màmá rẹ̀ bá gé etí aṣọ tuntun dànù, Mojí á ṣa ibi tí wọ́n kọ orúkọ ìlú tí aṣọ náà ti wá sí: Họ́láńdì, Jàpáànù, Íńdíà. Bó bá ti ilé ìwé dé, á wá bá mi wọ́ kòkó ní àgbàlá, á tẹ́ etí aṣọ kan sórí ògiri kúkúrú, á ní, "Jàpáànù la wà lónìí. Ìlà tó wà láàárín yẹn, òkun ni. Má kó sínú rẹ̀ o, Délé, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀." A ó sì máa rìn lọ, a ó máa rìn bọ̀. Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ ní jọ́gíráfì láti ìgbà náà wá, mo ti na ọ̀pá sí òkun àti ilẹ̀ lára àwòrán ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tóbi tó ayé tí a fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí kòkó yẹn. Kì í ṣe pé ìyà ń jẹ wá nílé. A yó, a sùn, wọ́n fẹ́ràn wa. A kàn ń fẹ́ mọ bí ó ṣe ń rí lára kéèyàn jí ní ibi tí kò ti mọ ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á máa kì wá ní ọmọ Ọbokún, ọmọ ẹni tó rìn dé etí òkun tó sì bu omi rẹ̀ wá wo ojú baba rẹ̀ sàn. Lọ́jọ́ kan Mojí bi í, "Bàbá, ṣé ẹ ti rí òkun rí?"

Yèyé ló dáhùn láti ìdí ààrò: "Òkun wo? Bàbá yín ò kọjá Ìbàdàn rí."

"Ìbàdàn náà lómi," ni Bàbá wí.

"Omi ẹ̀rọ!"

A rẹ́rìn-ín títí tí Bàbá fúnra rẹ̀ fi nu ojú. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Yèyé ní, "Ẹni tó lọ bu omi òkun yẹn, kó tó dé, àwọn ará ulé ti pín ogún tán. Ẹ lọ o, ẹ̀yin ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Àpò ìdọ̀họ tí a ń kó kòkó sí ló kó bá wa. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ sára rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọjà Nàìjíríà ni. Mojí dúró tì í lọ́jọ́ tí a ń ti kòkó sínú rẹ̀, ó ní, "Ta ni wọ́n ń sọ fún? Àwa tí a wà ní Nàìjíríà, ṣé a ò mọ̀ ni? Ẹnìkan wà lọ́hùn-ún tó máa kà á." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹnìkan wà lọ́hùn-ún tí yóò já okùn, tí yóò ki ọwọ́ bọ inú kòkó tí a fi ẹsẹ̀ wa wọ́. Bí etí aṣọ bá ti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa, kí ló dé tí tiwa kò fi ní dé ọ̀dọ̀ wọn? Ó dá wa lójú pé bí Bàbá bá ṣe rán ẹnu àpò náà ni yóò ṣe dé ọwọ́ òyìnbó, nítorí gbogbo ìlú ló mọ̀ pé wọn kì í da àpò Bàbá sílẹ̀. Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Orúkọ rere arúgbó kan ni a fi ṣe àpò ìwé.

Mojí ló kọ ọ́, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Inú ewé ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó dé ibi orúkọ, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má kọ tèmi o. Bí Bàbá bá rí i ńkọ́?"

Ó wò mí dáadáa. "Ojo," ó wí. Ṣùgbọ́n kò kọ ọ́.

A fi ọ̀rá wé e, mo sì ki apá bọ inú àpò kan títí dé èjìká kí n tó fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá fi abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn rán ẹnu àpò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ lẹ́nu bó ṣe ń rán an.

Nígbà tó ń kó o lọ tà l'Óṣogbo, ó mú mi dání kí n lè fi ojú kan àwọn òbí mi. Ó wọ dàńṣíkí tí wọ́n lọ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ yòókù nínú ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń ra kòkó. Wọ́n ń kí i, ó ń dáhùn. Gírédà náà mú ọ̀pá irin rẹ̀, èyí tó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu tó sì ní ihò gbọọrọ nínú, tí kòkó máa ń gbà jáde wá sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gún àpò àkọ́kọ́, ó gún èkejì. Nígbà tó gún ẹ̀kẹta, kòkó ò jáde. Ó mi ọ̀pá náà. Ó fi ìka fa nǹkan funfun kan jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Nǹkan wà nínú àpò yín."

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Ọ̀rá ni, sà."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. "Hẹ̀n-ẹn! Bàbá Ìjẹ̀ṣà náà! Àwa la sì ń gbọ́ ìwàásù rẹ̀ ní gbogbo ọdún."

Wọ́n da àpò náà sílẹ̀. Gírédà mú ìwé náà, ó tú u, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sókè bó ṣe ń kà á: "Orúkọ mi ni Mojísọ́lá. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ṣí àpò yìí. Ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀? Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ wá wo ọ̀dọ̀ yín. A kì í jẹun púpọ̀." Ẹ̀rín bú jáde. Ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn ní, "Ẹ bá wa kí wọn lọ́hùn-ún o! Ẹ ní kí wọ́n se ìrẹsì dè wọ́n!" Gírédà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Bí wọ́n bá ti rí nǹkan nínú ọ̀kan, wọ́n ní láti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n da àpò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀, ó lóṣòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣa kòkó láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Àwọn kan fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó kọ̀. Èmi nìkan ló jẹ́ kí n bá òun ṣà á. Kò wò mí. Kòkó náà gbẹ dáadáa, ó ń dún lọ́wọ́ wa.

Kòkó náà yege, wọ́n sì rà á. Ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà sí Iléṣà, Bàbá gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

"Ọ̀rẹ́ wo ni Mojí ń wí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Ó dáa," ó wí, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ránṣẹ́ pe Mojí àti màmá rẹ̀. Èmi dúró lẹ́yìn Yèyé. Mojí kúnlẹ̀, Bàbá sì gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, èyí tí ọ̀pá irin ti dá ihò sí nísàlẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ìwọ àti ta ni?"

Kò gbé ojú sókè. Bó bá wo ọ̀dọ̀ mi nìkan, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. "Èmi nìkan ni, sà. Mo kàn kọ ọ̀rẹ́ síbẹ̀ kó má baà dà bíi pé mi ò lẹ́nìkan ni."

Màmá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó ní kí Bàbá bá òun nà án. Bàbá mi orí. "Mi ò ní nà án. Ṣùgbọ́n kó má tún fẹsẹ̀ kan àgbàlá kòkó mi mọ́."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dá kòkó wọ́. N kò rí òkun kankan láàárín ìlà rẹ̀. Mojí a máa gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá bó bá ti ilé ìwé dé, kì í wo ọ̀dọ̀ mi, máṣíìnì màmá rẹ̀ kò sì sáré bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Mojí ti ń béèrè yàrá kiri àdúgbò. Ó ní òun kò lè máa gbé ilé ẹni tí ọmọ òun dójú tì. Lọ́jọ́ Àìkú, Yèyé gbé iyán síwájú mi, mo sì ń wò ó. "Jẹun," ó wí. Nígbà tí n kò jẹ, ó jókòó tì mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹni tó bá gbé òótọ́ mì, ibo ló máa rí gbé iyán sí?" Ó gbé abọ́ náà lọ.

Ní Iléṣà nígbà náà, bí òjò bá ká kòkó mọ́ ìta, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé á kígbe pé, "Kòkó o!" Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ, á wá. Ayálégbé á wá, ẹni tó ń kọjá lọ á wá, ẹni tí kì í kí yín pàápàá á wá, a ó kó o wọlé tán, oníkálukú á sì bá tirẹ̀ lọ láìdúpẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, òjò ṣú láti ẹ̀yìn ilé ṣọ́ọ̀ṣì, afẹ́fẹ́ gbé ìgbálẹ̀ Yèyé ṣubú, Bàbá sì kígbe náà. Àgbàlá kún. Wọ́n ń fi abọ́ kó o, wọ́n ń fi apẹ̀rẹ̀ kó o, Ìyá Mojí pàápàá fi máṣíìnì sílẹ̀ ó sáré wá. Nígbà tí mo gbé orí sókè, mo rí Mojí. Ó gbé abọ́ ńlá kan dání, ó dúró ní ibi tí ilẹ̀ lásán parí sí tí sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọjá ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò pariwo mọ́ ọn: "Ọmọ yìí, òjò ló ń rọ̀ yẹn! Kí lò ń wò?" Òjò ń kán sínú abọ́ tó gbé dání.

Mo lọ bá Bàbá nídìí tapólì tí a fi ń bo kòkó. Gbogbo èèyàn ló wà níbẹ̀.

"Bàbá, èmi ni ọ̀rẹ́ náà."

"Mo gbọ́," ó wí. "Di etí tapólì yẹn mú." Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè, n kò tíì gbọ́ ọ kó pariwo bẹ́ẹ̀ rí: "Mojísọ́lá! Ṣé a máa fi ìwé pè ọ́ ni? Wọlé wá!"

Ó sáré wọlé. Igun kan nínú kòkó náà rẹ kí a tó kó o tán, nítorí ìgbà tí èmi dúró sọ̀rọ̀. Ó bu lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá sì ní kí n gbé e lọ dànù fúnra mi. Ní alẹ́ ọjọ́ òjò náà, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà fún Ìyá Mojí. Bàbá ní, "Láti inú bọ́ọ̀sì ni mo ti mọ̀. Iye ọjọ́ tó máa gbà ọ́ ni mi ò mọ̀. Gbogbo ọjọ́ tó o fi ń fa òótọ́ náà sẹ́yìn, ọmọ ọlọ́mọ ló ń bá ọ gbé ẹ̀bi rẹ." Ó dá ìwé náà padà fún Mojí. Ní ọjọ́ kejì mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kọ orúkọ mi sábẹ́ tirẹ̀. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà yọ. "Àyè ò sí mọ́," ó wí. "Ibi tí ìwọ máa wà rèé, wọ́n ti gún un." Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ọ̀rẹ́ Wo. Ó fi pè mí nígbà tí mo padà sí Òṣogbo tó kọ lẹ́tà sí mi. Ó fi pè mí ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa, tí pásítọ̀ fi dúró tó ń wò ó.

A kò dé Jàpáànù. Iṣẹ́ wà, ọmọ dé, a sì ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni a jọ dé etí òkun, ní Èkó, lọ́dún tí a ṣe ìgbéyàwó. Mojí ká aṣọ sókè, ó sì bu omi rẹ̀ sínú ike kan. Ojú Bàbá ti ń ṣú nígbà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ dá èèyàn mọ̀ mọ́. A gbé e dé Iléṣà fún un. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ìpéǹpéjú kan, ó fi kan èkejì. "Ó ń ta mí," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín bíi ti ọjọ́ omi Ìbàdàn. Nígbà tí àìsàn Mojí dé, ìrìn àjò tó kù fún wa kò kọjá ilé ìwòsàn àti ilé. N kò ní kọ nípa ìyẹn.

Ìbùkún, ọmọ wa àgbà, ń kàwé ní Kánádà. Ó ní kí n máa bọ̀ wá lo oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo ń wá ìwé ìgbéyàwó wa tí wọ́n béèrè fún físà ni mo rí agolo mílíìkì náà nínú àpótí Mojí. Gbogbo etí aṣọ náà wà níbẹ̀, ìwé náà sì wà lábẹ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù náà ti wà lórí tábìlì mi, torí ó béèrè iye èèyàn tó ń rin ìrìn àjò. Ní òwúrọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo kọ ìtàn yìí dé ibí, mo kọ ọ̀kan síbẹ̀, mo kọ orúkọ mi, mo sì fi ránṣẹ́. Orúkọ Mojí nìkan ló wà lára ìwé àkọ́kọ́, tèmi nìkan ló wà lára èyí. Bí wọ́n bá gbà mí láàyè, ìwé oníhò náà yóò wà nínú àpò ẹ̀wù mi títí n ó fi dé ọ̀hún. Bí òṣìṣẹ́ ibodè kan bá sì bi mí pé ta la jọ wá, n kò ní sọ pé n kò mọ̀ ọ́n.